Èèpo Ẹ̀gẹ́ fún Àgbò Ìkómọ

Mo ti sọ fún ọkọ mi ní ìgbà tí kò lóǹkà pé bí ó bá kú ṣíwájú mi, àgbò ni kí ó ṣe opó rẹ̀, kì í ṣe èmi. Láàárọ̀, kí ó tó kí mi, á ti dé ẹ̀yìn ilé lọ kí àgbò. "Ṣé o jí dáadáa? Ṣé ẹ̀fọn ò dà ọ́ láàmú?" Èmi tí ẹ̀fọn ti ń jẹ láti ọdún mẹ́rìndínlógójì tí mo ti wà nílé rẹ̀, kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Orogún mi ni mo máa ń pe àgbò náà, orogún oníwo méjì. Bí mo bá pè é bẹ́ẹ̀, Àrìmíyàù á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ìyá Mubeenah, má jowú, ìwọ ni ìyáálé."

Adjamé là ń gbé, ní Abidjan níbí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwa méjèèjì. Páàtì mọ́tò lòun ń tà lọ́jà, èmi ń ta ike àti báàfù. Lẹ́yìn ilé wa, níbi tí ọkọ gidi ì bá ti kọ́ ilé ìdáná tó fẹ̀ fún aya rẹ̀, ibẹ̀ ló so àgbò mọ́. Ọdọọdún sì ni. Bí a bá jẹ ẹran Iléyá tán lónìí, lọ́la ni yóò lọ ra ọ̀dọ́ àgbò mìíràn, tí yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í sìn ín.

Gbogbo ayé rò pé nítorí Iléyá ni. Mubeenah, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, rò bẹ́ẹ̀ náà. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a bí Mubeenah, a ò tíì lo ọdún kan ní ìlú yìí. Yàrá kan la gbà ní Treichville, òjò sì ń bá wa sùn nínú rẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ pé, kò sí àgbò. Àkùkọ kan ni Àrìmíyàù mú wá. Kò sẹ́ni tó bú u. Àwọn àgbà ṣàdúrà, wọ́n jẹun, wọ́n lọ. Nígbà tí ilé dá ni mo rí i tó gbé ọmọ lé itan, tó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀. Ó ní, "Má bínú sí mi. Ọjọ́ tí ìwọ náà bá bímọ, àgbò tí mo fọwọ́ ara mi sìn ni a ó fi kó o jáde." Kò mọ̀ pé mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo padà sẹ́yìn díẹ̀, mo wúkọ́, kí n tó wọlé.

Ọdún kẹwàá rèé tí Mubeenah ti wọ ilé Kàmíl, ọmọ Ọ̀yọ́ kan tó mọ ọmọ ènìyàn tọ́jú. Ọ̀sẹ̀ tí ìgbéyàwó parí ni àgbò àkọ́kọ́ wọlé wa. Ọkọ mi sìn ín, sìn ín. Kò sí oyún. Iléyá dé, a pa á. Ó ra òmíràn. Kò sí oyún. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe títí àgbò fi di mẹ́sàn-án. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ rí, kò bá èmi pàápàá sọ ọ́. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé bí òun bá là á lẹ́nu, á dà bí ẹni pé òun ń béèrè ọmọ lọ́wọ́ ọmọ òun, ohun tí kò sì sí lọ́wọ́ ènìyàn, a kì í béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn.

Lọ́dún kẹfà, Mubeenah wá kí wa, ó fọwọ́ dí imú. Ó ní, "Papa, òórùn yìí ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká máa ra àgbò lọ́jà bíi ti gbogbo èèyàn." Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní àgbàlagbà gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń fọwọ́ ṣe. Mo yáa wọ yàrá lọ, nítorí bí mo bá dúró níbẹ̀, ẹnu mi ì bá tú u.

Ẹ jẹ́ ká wá dórí oúnjẹ àgbò, torí ibẹ̀ ni wàhálà ti wá. Èèpo ẹ̀gẹ́ ni àgbò ọkọ mi ń jẹ. Ní gbogbo Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, á ká àpò mẹ́ta mọ́ abẹ́ abíyá, á wọ gbàkà, ọkọ̀ kékeré tí gbogbo wa ń wọ̀ níbí, ó di Siporex ní Yopougon. Anita ló ń lọ bá níbẹ̀. Ọmọ Adjoukrou, ẹ̀yà kan nílẹ̀ yìí, ni Anita, òun àtàwọn obìnrin mẹ́wàá mìíràn ló jọ ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe atiéké, oúnjẹ tó jọ gàrí tútù, lágboolé kan. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń bó lójúmọ́, ọkọ̀ ní í kó o. Láyé ọjọ́un, èèpo ni ìṣòro wọn. Bí ọkọ mi bá kó àpò mẹ́ta lọ, ńṣe ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Tonton Ànàgó" ni Anita ń pè é, torí tonton ni wọ́n ń pe àgbà ọkùnrin, Ànàgó ni wọ́n sì ń pe àwa Yorùbá níhìn-ín. Bí ó bá délé, á sá èèpo náà sórí páànù títí yóò fi gbẹ, kí ó má bàa dá inú rírun sí orogún mi lára.

Mubeenah ní tirẹ̀ kàwé, ó kà á débi tó lápẹẹrẹ. Plateau, àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Abidjan níbí, ló ti ń ṣiṣẹ́, nílé iṣẹ́ elépo ńlá kan. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó wá jẹun lọ́dọ̀ wa, ó sì ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó ní àwọn elépo ti rí i pé epo tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ nìkan kò tó gbára lé mọ́. Wọ́n ti kó owó jọ, wọ́n ti kọ́ ilé iṣẹ́ sí Vridi, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń fọ epo. Èèpo ẹ̀gẹ́ ni wọn yóò máa sọ di ẹ̀tánọ́ọ̀lù níbẹ̀, wọn yóò sì máa lú u mọ́ epo mọ́tò. Ìjọba náà á fi owó ìrànwọ́ kún un, kí iye tí àwọn obìnrin ń gbà lórí èèpo lè dára, kí epo má sì gbówó lórí fún ẹni tó ń wa ọkọ̀.

Bàbá rẹ̀ ní, "Ìdọ̀tí lẹ ó máa fi ṣe epo?"

"Kì í ṣe ìdọ̀tí mọ́, Papa. Èmi gan-an ni mo kọ ìlànà bí a ó ṣe máa gbà á lọ́wọ́ àwọn obìnrin. Ọdún méjì ni mo fi ṣe é."

Ó fi ìwé ìròyìn hàn wá, àwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀, ó dé akoto sórí. Àrìmíyàù gba ìwé náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó bá wá ra púlọ́ọ̀gì, á kọ́kọ́ wo àwòrán ná kí ó tó rí púlọ́ọ̀gì gbà.

Àmọ́ mo ti sáré jù. Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, nígbà tí Mubeenah gbéra láti lọ, ó dúró, ó gbé ọwọ́ lé ikùn, ó ní, "Ó ti pé oṣù mẹ́ta. A ò fẹ́ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni." Mo dì mọ́ ọn. Bàbá rẹ̀ ní alihamudulilahi, ó sì dìde jáde. Nígbà tí mo wá a dé ẹ̀yìn ilé, ó ń wẹ àgbò, ọṣẹ ìwẹ̀ mi ló sì fi ń wẹ̀ ẹ́. Mi ò bá a jà.

Ní Àlàmísì kan lẹ́yìn náà, ó dé Siporex, ó bá òṣùwọ̀n ńlá kan lágboolé Anita. Ọkọ̀ àwọn elépo ń kó èèpo. Olúkúlùkù obìnrin ló fi káàdì sọ́rùn. Anita kò lè wo ojú rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ẹni tó bá ti gba káàdì, gbogbo èèpo rẹ̀ ti ilé iṣẹ́ ni, kò gbọdọ̀ tà á tàbí fi tọrọ fún ẹlòmíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á gba káàdì padà, owó ìrànwọ́ ìjọba á sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọkọ mi ní, "Ta ló kọ òfin yìí?"

Anita ní, "Tonton, ọmọ yín ni."

Anita fẹ́ fi àpò kan pa mọ́ fún un sábẹ́ aṣọ. Ó kọ̀ ọ́. Ó ní, "Ọmọ mi ló kọ ọ́. Ṣé èmi ni n ó wá kọ́kọ́ rú u?" Ó ká àpò mẹ́ta òfìfo mọ́ abẹ́ abíyá, ó wọ gbàkà padà wálé.

Ó délé, ó rò fún mi. Mo ní n ó pe Mubeenah lójú ẹsẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Bí o bá sọ fún un, á da iṣẹ́ ọdún méjì rú nítorí ẹran. Bí kò bá sì dà á rú, á máa ro ọ́ kiri. Ẹni tó wà nínú oyún kò gbọdọ̀ máa ro irú nǹkan bẹ́ẹ̀." Mo búra fún un pé mi ò ní sọ. Ẹ wo irú ìbúra tí ènìyàn ń bú!

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ewé máńgòrò bọ́ àgbò. Ó ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kò yọ lára rẹ̀. Nígbà tó yá, Mubeenah wá, ó rí i pé àgbò rù. Àánú ṣe ọmọ mi, kò mọ ohun tó fà á. Ó ní, "Papa, mo ti rí oúnjẹ fún ọ̀rẹ́ yín." Ó ní bí wọ́n bá fa ẹ̀tánọ́ọ̀lù jáde tán, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kan máa ń ṣẹ́kù, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń pín in fún àwọn tó ń sin ẹran, òun ti fi orúkọ bàbá òun sí i. Láti ìgbà náà, wọ́n ń gbé garawa ńlá kan wá fún wa láti Vridi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ń kan bí omi ògì. Àgbò ti ẹnu bọ̀ ọ́, kò gbé orí sókè mọ́. Láàárín oṣù méjì, ó sanra débi pé ẹnu ọ̀nà ọgbà rẹ̀ há mọ́ ọn. Àrìmíyàù ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, ó ń ṣírò oṣù.

Joël ló ba tiwa jẹ́. Fọkanáísà ni Joël, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ni, ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi ló wà, kò sì sí irú ọtí tí kò mọ òórùn rẹ̀. Ó wá gba táyà kan nílé wa, ó dúró, ó fa imú.

Ó ní, "Bàbá, ta ló ń mutí níbí?"

A ní kò sẹ́ni tó ń mutí. Ó tẹ̀lé imú rẹ̀ dé ẹ̀yìn ilé, ó wo inú garawa, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin ò mọ̀ ni? Ẹ̀tánọ́ọ̀lù tí Mubeenah ń ṣe, ọtí ni. Ọtí líle gidi ni. Mọ́tò ni wọ́n ń fún mu dípò ènìyàn."

Ọkọ mi tí ẹ ń wò yìí, bí ó bá fẹ́ kọjá níwájú ilé ọtí, òdìkejì títì ló ń gbà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbò. Ó ní, "Àgbò ìkómọ. Ọtí ni mo fi ń sin àgbò ìkómọ." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa là á lẹ́nu, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun là á.

Lọ́jọ́ kejì, a lọ bá Álfà Lìádì ní Treichville, ẹni tó ti mọ̀ wá láti ọjọ́ àkùkọ. Álfà gbọ́ ọ títí, ó rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Ó ní, "Àrìmíyàù, wọ́n ti fa ọtí kúrò níbẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ló kù. Bó bá jẹ́ tèmi ni, màá jẹ ẹran náà, màá sì tún béèrè egungun. Àmọ́ mo mọ̀ ọ́, o ò ní sùn. Ohun tí àwọn aṣíwájú wa sọ nípa ẹran tó jẹ ohun àìmọ́ nìyí: ẹ so ó mọ́lẹ̀, kí ó jẹ oúnjẹ tó mọ́ fún ọjọ́ méje, ó ti mọ́ nìyẹn. Ṣe bẹ́ẹ̀, kí ọkàn rẹ balẹ̀."

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lóòótọ́. Ó ní bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì kí Mubeenah bímọ, òun yóò gbé garawa kúrò. Bí òun bá gbé e kúrò báyìí, Mubeenah á béèrè ìdí, àgbò á sì tún rù. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwa méjèèjì gbàgbé pé ọmọ inú kì í ka kàlẹ́ńdà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣíwájú ọjọ́ rẹ̀, lọ́jọ́ Àtàláátà, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, Mubeenah bí obìnrin. Ara òun le, ara ọmọ le. Mo pe ọkọ mi láti ilé ìwòsàn. Ó ṣe alihamudulilahi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó wá ní, "Lónìí Àtàláátà. Ìkómọ di Àtàláátà tó ń bọ̀. Ó ku ọjọ́ méje." Mo gbọ́ tó ń fa garawa nílẹ̀ kó tó pa fóònù.

Èmi tẹ̀ lé Mubeenah lọ sílé rẹ̀ ní Yopougon láti máa wẹ ọmọ. Ní Àlàmísì, mo sáré dé Adjamé lọ mú òrí àti ìkòkò àgbo tí mo gbàgbé. Mo bá àgbò ní ìdùbúlẹ̀, etí rẹ̀ méjèèjì wó. Èérí àgbàdo wà níwájú rẹ̀, èèpo ẹ̀wà wà níbẹ̀, koríko tútù wà, búrẹ́dì tilẹ̀ wà. Kò fẹnu kan ọ̀kankan. Oúnjẹ tó ti ń jẹ láti oṣù mélòó kan wá ni ẹnu rẹ̀ ń fẹ́. Ọkọ mi jókòó sórí àpótí níwájú rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́. "Jẹun, jọ̀ọ́. Ó ku ọjọ́ márùn-ún péré."

Mo ní, "O ti sọ ọ́ di ọ̀mùtí." Eré ni mo fi ṣe. Nígbà tó gbójú sókè, mo rí i pé kì í ṣe ọjọ́ eré. Irùngbọ̀n rẹ̀ ò rí àbẹ, ojú rẹ̀ pọ́n.

Ó ní, "Ràmílátù, àgbò tó ń ṣàìsàn kò ṣeé fi kómọ."

Kì í pe orúkọ mi. Mo lè fi ìka ka iye ìgbà tó ti pè é. Mo rọra ní kí a ra òmíràn lọ́jà, Ọlọ́run mọ ọkàn wa.

Ó ní, "Èyí tí a bá rà á dára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí mo sọ fún un nìyẹn. Nígbà yẹn, ó wò mí bí ẹni pé ó gbọ́."

Mo mú òrí mi, mo gbé ìkòkò, mo wọ gbàkà. Láti Adjamé dé Yopougon, inú ń bí mi. Inú bí mi sí àwọn elépo, ó bí mi sí àgbò, ó bí mi sí ọkọ mi tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ń gbé ìfẹ́ pa mọ́ bí ẹni jí i. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí mo ṣe dé ilé Mubeenah, ó ń fún ọmọ lọ́yàn, mi ò tíì bọ́ bàtà tí mo fi sọ ọ́. Mo sọ ti àkùkọ, mo sọ ti ìlérí, mo sọ ti Siporex àti káàdì, mo sọ ti garawa. Mo ní, "Kò fẹ́ kí o mọ̀. Mo búra fún un. Mo ti da ìbúra náà, kí Ọlọ́run forí jì mí."

Mubeenah gbé ojú kúrò lára ọmọ, ó wò mí. Ó wá ní, "Maman, gbogbo àwọn àgbò yẹn? Láti ìgbà tí mo ti lọ́kọ?"

"Mẹ́sàn-án. Ìkẹwàá ló dùbúlẹ̀ yẹn."

Ó sunkún débi pé ọyàn já lẹ́nu ọmọ, ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo ní kí ó dákẹ́, pé ìyá ọmọ tuntun kì í sunkún. Kò gbọ́ mi. Ohun kan ṣoṣo ló ń sọ: "Mo dí imú. Mo dí imú lójú Papa."

Nígbà tó nu ojú tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú bó ṣe ń ronú ní Plateau. Ó ní òun kò lè ní kí Anita rú òfin, àwọn obìnrin tó kù ńkọ́? Bí ọ̀gá bá rú òfin fún bàbá rẹ̀, kò sí òfin mọ́. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n èèpo ẹni tó ní káàdì ni mo kọ síbẹ̀. Èmi ò ní káàdì. Èèpo inú ilé ìdáná mi, tèmi ni." Ó pe Kàmíl, ó ní kó lọ ra àpò ẹ̀gẹ́ kan wá lọ́jà, ẹ̀gẹ́ odindi, irú èyí tí a ń sè jẹ. Ó sọ̀kalẹ̀ sórí ẹní, ó mú ọ̀bẹ. Ìyá ọmọ ọjọ́ kẹta. Mo ní kò tọ́. Ó ní, "Maman, ẹ bá mi mú ọ̀bẹ kejì wá."

Bẹ́ẹ̀ ni ilé ọlọ́mọ di ilé ẹlẹ́gẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá wọlé wá kí wa kú ewu ọmọ, a ó gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ rẹ̀, a ó fi ọ̀bẹ sí i lọ́wọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ Mubeenah láti ibi iṣẹ́ wọ bàtà gogoro wá, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n bó ẹ̀gẹ́. Anita gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní Siporex, ó dé pẹ̀lú ọ̀bẹ tirẹ̀, ó fi káàdì rẹ̀ sílé. Ó ní, "Mi ò wá ṣiṣẹ́ o, mo wá jẹ ẹ̀gẹ́ ni." Ohun tó bó níjókòó kan, àwa márùn-ún kò bó o. A kò sì lè da ẹ̀gẹ́ nù, nítorí náà à ń jẹ ẹ́. A sè é láàárọ̀, a dín in lọ́sàn-án, a gún un lálẹ́. Nígbà tó fi di ọjọ́ Àìkú, Kàmíl bi mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bóyá ìrẹsì ṣì wà láyé.

Èèpo àkọ́kọ́ gbẹ ní Jímọ̀, oòrùn ọjọ́ náà mú dáadáa. Mo gbé àpò kan lé orí, mo gbé e dé ẹ̀yìn ilé wa ní Adjamé. Ọkọ mi wo àpò, ó wo mí.

"Níbo lèyí ti wá?"

"Ilé ìdáná."

"Ilé ìdáná ta?"

Mo ní, "Jẹ́ kí ẹran jẹun ná, kí o tó máa bi mí léèrè bí ọlọ́pàá."

Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó nà án sí i. Àgbò gbóòórùn rẹ̀. Ó gbé orí. Ó gbé orúnkún iwájú, ó gbé ti ẹ̀yìn, ó dìde, ó ń gbọ̀n díẹ̀, ó sì jẹ ẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àrìmíyàù kọjú sí ògiri, ó sì pẹ́ kó tó yíjú padà. Mo ṣe bí ẹni ń ka ìtí igi.

Ní Àtàláátà, àgbò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ilé Kàmíl, kò sanra bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́. Álfà Lìádì wò ó, ó wo ọkọ mi, ó ní, "Ó mọ́ ju èmi lọ." Wọ́n sọ ọmọ ní Juwairiyyah. Kàmíl fi ọ̀bẹ lọ bàbá ìyàwó rẹ̀, ó kọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ tó ti ń sin àgbò, kò tíì pa ọ̀kan rí, ẹlòmíràn ní í bá a pa á. Orí rẹ̀ ló dì mú, ó sọ nǹkan sí i létí. Mo bi í lẹ́yìn náà, ó ní òun kàn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Ó wá wọlé wá wo ọmọ. Mubeenah jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, Juwairiyyah wà láyà rẹ̀. Ó ní, "Papa, mo ti gbọ́ nípa àwọn mẹ́sàn-án."

Ọkọ mi yíjú sí mi. Ó ní, "Ìyá Mubeenah, ẹnu rẹ yìí."

Mo ní, "Ẹnu mi ló gba àgbò rẹ là."

Ó sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní kí ó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ fọ ọwọ́, pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹran ni. Mubeenah gbá ọwọ́ náà mú. Ó gbé e sí imú rẹ̀, ó fi í síbẹ̀, ó mí sínú. Kò fi ọwọ́ náà sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ dúró bẹ́ẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì rí ọwọ́ tí yóò fi nù ún, torí ìkejì ti wà lórí ọmọ.

Mubeenah ní bí òun bá padà sẹ́nu iṣẹ́, òun yóò bá wọn sọ ọ́ nípàdé, kí obìnrin kọ̀ọ̀kan lè ní àpò kan tí yóò fi tọrọ fún ẹni tó bá wù ú. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á gbà. Ọ̀rọ̀ tí ìjọba bá ti fi owó sí, kì í tètè yí.

Lọ́jọ́ kejì ìkómọ, mo padà sí Adjamé. Mo ń gbálẹ̀ nígbà tí ọkọ mi wọlé láti ọjà ẹran, ó fa ọ̀dọ́ àgbò kan lọ́wọ́, tí ìwo rẹ̀ kò tíì yọ.

Mo ní, "Ta ló tún lóyún?"

Ó ní, "Juwairiyyah náà á bímọ lọ́jọ́ kan."

Ọmọ ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Juwairiyyah. Ọkọ mi ti pé ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin. Mo ṣírò rẹ̀ nínú mi, mi ò sọ ọ́ jáde. Mo gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, mo lọ bu omi wá fún orogún mi.